Ìbora Kákí fún Ẹni Tó Ti Ojú Ogun Dé

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè,
Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Àdùnkẹ́ mi,

Ara rẹ ńkọ́? Bárékè yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń mọ́ ọ lára díẹ̀díẹ̀? Èmi wà o. Kò sí ohun tó ń ṣe mí àfi orúnkún tó máa ń ráhùn bí mo bá ń gun òkè bọ̀ láti ọjà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, o ó ní, "Màámi, ẹ má sunkún mọ́," ẹkún náà la ó sì fi parí rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi sún ẹ̀rọ ìránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí mo tẹ́ bébà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Fara balẹ̀ kà á. Bí ó bá gùn jù, gbé e sílẹ̀, lọ jẹun, kí o tún padà sí i.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́sí, o ní Káyọ̀dé ọkọ rẹ ti ti ojú ogun dé. O ní ó dé pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, a sì jọ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n o ní ẹni tó dé kọ́ ni ẹni tó lọ. O ní láti àárọ̀ ló máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní rẹ́rìn-ín, bí o bá sì fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, a ta gìrì bí ẹni pé iná jó o. O wá bi mí bóyá kí o kó ẹrù rẹ padà wálé. Mo dákẹ́, o sì rò pé fóònù ti já. Fóònù kò já. Ìbéèrè yẹn ni mo gbọ́ rí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo jókòó sílẹ̀ tí mò ń ṣa ẹ̀wà, tí ìyá mi ń bi ìyá tirẹ̀.

Jẹ́ kí n ti ìdí rẹ̀ sọ ọ́.

O mọ bàbá mi. O bá a láyé nígbà tó ti darúgbó, tó máa ń bó ẹ̀pà fún ọ, tí gbogbo àdúgbò ń pè é ní Kọ́púrà, oyè tó jẹ nínú iṣẹ́ ṣọ́jà. Ẹni tí o mọ̀ yẹn, ẹlẹ́rìn-ín ni. Kì í ṣe òun ló ti ogun abẹ́lé dé. (Bí mo bá ń fi "ó" pe bàbá mi, má rò pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ nílé wa, ìfẹ́ ló wà ńbẹ̀.)

Mo kéré nígbà tó lọ. Ohun tí mo rántí kò ju pé ó gbé mi sókè, irùngbọ̀n rẹ̀ sì gún mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tó máa dé, ọkọ̀ akẹ́rù kan já a sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, ó fẹsẹ̀ rìn wá sílé. Àwọn ìyàwó ilé sáré jáde, wọ́n ń kì í, wọ́n ń jó. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí àlejò ṣe ń kí onílé. Ẹ̀wù kákí ló wọ̀, bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ ti já. Ìyá mi ní kó bọ́ ọ kí òun bá a fọ̀ ọ́. Ó ní rárá. Ó ká a, ó fi í sínú àpótí pákó, ó ti àpótí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ ẹ̀wù náà sì parí síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, oko ló ń lọ. Òjò ì báà máa rọ̀, Ọjọ́ Ìsinmi ì báà jẹ́, ó ti lọ. Bí ọyẹ́ bá mú, ìwọ náà mọ bí ọyẹ́ orí òkè wa ṣe ń wọ inú egungun, kì í fi nǹkan kan bora. Bí ìyá mi bá da aṣọ bò ó, yóò sún un kúrò. Èyí tó wá yà wá lẹ́nu jù ni pé kì í dé Ẹ̀rìjìyàn, ìlú tó wà nítòsí wa. Bí wọ́n ń ṣe òkú àgbà níbẹ̀, bí àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ wo kòkó níbẹ̀, yóò ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ yẹn kan náà ló fi ń gun òkè lọ sóko lójoojúmọ́.

Ìyá mi bá gbà pé obìnrin kan ló ní sí Ẹ̀rìjìyàn, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni ìbá tún rò? Ó kó ìbínú rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀, ó mú mi dání. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó rojọ́ títí, ó wá ní, "Ṣé kí n kó ẹrù mi wálé ni?"

Ìyá àgbà bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá ó ń bú u. Ó ní kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, ká má tíì sọ pé yóò búni.

"O ti bi í léèrè ohun tó ń ṣe é?"

Ìyá mi ní òun ò tíì bi í.

"Lọ bi í. Bí o bá ti bi í tán, tí o ṣì fẹ́ wá, yàrá rẹ ń bẹ níbẹ̀."

Ọjọ́ kejì, ìyá mi kò kó ẹrù, ó kó iṣu sórí, a tẹ̀lé bàbá mi lọ sóko. Kò bi í nígbà tó ń ro oko. Ó dáná, ó sun iṣu, ó ha á, ó bu epo sí i, ó dúró kó jẹ ẹyọ kan tán. Lẹ́yìn náà ló ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀, "Ta ló wà ní Ẹ̀rìjìyàn?"

Bàbá mi ti igi sínú iná. Ó ní ìyá Ọlátẹ́jú ni.

Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni Ọlátẹ́jú. Wọ́n jọ wọṣẹ́ ṣọ́jà ni, inú kòtò kan náà ni wọ́n ń sùn, aṣọ ìbora kan náà ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìbọn ba Ọlátẹ́jú. Aṣọ ìbora yẹn ni wọ́n fi gbé e. Ó ní, "Ó kú, èmi ò kú. Ojú wo ni màá fi wo ìyá rẹ̀?"

Àdùnkẹ́, mo rántí pé ìyá mi ò bú sẹ́kún, kò sì sọ pé "pẹ̀lẹ́" ní ìgbà ogún. Ó bu iṣu mìíràn fún un. Ó kàn jókòó tì í.

Nígbà tí ọjà Ẹ̀rìjìyàn pé, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló lọ. Kò pẹ́ tó fi rí ilé ìyá náà, nítorí ahunṣọ ni, òfì rẹ̀ wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ìlú ló ń ra kíjìpá, aṣọ híhun tó nípọn, lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba ti ránṣẹ́ sí i pé ọmọ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹnì kankan tó fojú kàn án níbẹ̀. Ìyá mi sọ fún un pé ọkùnrin kan wà tó bá ọmọ náà gbé lójú ogun, pé ọkọ òun ni, pé ojú ń tì í láti wá. Ìyá arúgbó náà dìde. Ó wọlé, ó gbé kíjìpá kan jáde, dúdú tó ní ìlà funfun, èyí tó hun de ìgbéyàwó ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n gbé e fún ọkùnrin yẹn kó fi bora, pé òtútù máa ń mú àwọn tó ti ogun dé.

Ìyá mi gbé e délé. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sọ ọwọ́ ẹni tó ti wá. Bàbá mi jókòó tì í títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àpótí pákó jáde, ó mú kákí náà, ó sì mú sísọ́ọ̀sì ìyá mi, ó kó méjèèjì lé e lọ́wọ́.

"Gé e," ló sọ.

Bí ìbora àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi kò ní ẹ̀rọ nígbà náà, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi rán an. Ó gé kákí sí ìrépé ìrépé, ó gé kíjìpá, ó wá fi ọ̀já tó fi pọ̀n mí kún un, àti ìró ìyá àgbà tó ti gbó. Ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú, ó fi òwú títóbi gán an láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó má baà sún kiri. Àwọn obìnrin ilé wá ń bá a jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tí kò mọ ìránṣọ ń kọrin, ẹni tí kò mọ orin ń bó ọsàn. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn èèpo ọsàn nínú ọyẹ́, abẹ́ igi yẹn ni mo máa ń padà sí. Wọ́n ti gé igi náà. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ìyá mi rán méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá mi. Ó ká èkejì lé e lórí itan, ó ní òun kọ́ ni yóò gbé e dé Ẹ̀rìjìyàn.

A lọ, àwa mẹ́ta. Nígbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ìyá arúgbó dìde lẹ́yìn òfì. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde. Ó na ìbora náà síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀. 

Ìyá náà dúró lé e lórí. Mo rò pé yóò bi í pé báwo ló ṣe kú. Mo rò pé yóò ní kí ló dé tí ìwọ ò kú. Ohun tó bi í ni, "Ó jẹun lọ́jọ́ náà?"

Bàbá mi gbé orí sókè. "Ó jẹun, Ìyá. Èmi ni mo sè é. Ìrẹsì ni, kò jinná dáadáa. Ó ráhùn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá arúgbó kó tó mọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe, pé kò sí oúnjẹ tí Ọlátẹ́jú kò ní bá jà. Ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó di ìbora náà mú, ẹkún sì dé. Àwọn méjèèjì ló sun ún. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó ní, "Dìde, wọ ulé. Uṣu ti wà lórí iná."

Ó gúnyán. Bàbá mi jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ débi tí ìyá mi fi ń wo mí.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Títí tó fi kú, bí àwọn ọdẹ bá yìnbọn níbi òkú àgbà, bàbá mi á ju ọkọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó padà sídìí oúnjẹ. Ó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń fi ìbora rẹ̀ bora. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, Ẹ̀rìjìyàn ló ń kó èyí tó tóbi jù lọ, ó sì bá ìyá náà kọ ebè títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kó bá àwọn gbẹ́ ilẹ̀, nítorí wọ́n kà á sí ọmọ. Nígbà tó kan bàbá mi náà, àwọn kan ní kí a fi ìbora rẹ̀ sin ín. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òkú kì í gbọ̀n, alààyè ni òtútù ń mú. Ọ̀kan lára àwọn ṣọ́jà àtijọ́ ní Arámọ̀kọ ló gbé e fún.

Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká. Àwọn tó ti ogun dé láti Ìjerò, láti Òkè-Ìmẹ̀sí, ń kó ẹ̀wù wọn wá. Èmi jogún iṣẹ́ náà mọ́ iṣẹ́ ìránṣọ mi. Ìwọ náà mọ Ọjọ́ Ìsinmi ìrántí wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: a ó ka orúkọ àwọn tí kò bọ̀, a ó sì fi ìbora lé àwọn tó bọ̀ léjìká. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, wọ́n kún ìjókòó iwájú, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún yìí, bàbá kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì, ó ń wo ọ̀tún. Mo fi ibi tí mo wà sílẹ̀, mo lọ jókòó tì í.

Ó yá, ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ gbà ọ́ rèé. Mi ò to wọ́n dáadáa.

Èkínní, bi í léèrè, ṣùgbọ́n ohun kékeré ni kí o máa bi í. Má bi í bí ogun ṣe rí. Ta ló lè dáhùn ìyẹn? Bi í ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn. Bi í orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń pín ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ ńlá máa ń gba ẹnu ọ̀nà kékeré wọlé. Bí kò bá dáhùn lónìí, má fi ìbínú kó àwo. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èkejì, má yọ́ sí i lẹ́yìn láé. Bí ìyá mi bá ti fẹ́ wọ ibi tí bàbá mi wà, láti ìta ló ti máa ń fi imú kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. A rò pé orin ló fẹ́ràn. Ó ti dàgbà kó tó sọ fún mi pé kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó kàn fẹ́ kí ọkọ òun mọ̀ pé òun ló ń bọ̀ ni.

Èyí tó tẹ̀ lé e, èmi gan-an ni mo fi kọ́gbọ́n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìránṣọ, ìbora àkọ́kọ́ tí mo dá rán jẹ́ ti bàbá kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Mo fẹ́ ṣe fújà. Sátíìnì tó ń dán ni mo fi rán an, mo fi léèsì sí i létí. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi. Nígbà tí mo tún padà lọ kí i, mo bá ìbora náà lára ògiri, ó kọ́ ọ bíi kàlẹ́ńdà, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó ní ó dára jù láti fi sùn, pé ó tún ń yọ̀ kúrò lára òun. "Ọmọ mi, ọbẹ̀ tó dára lo sè, o kàn gbàgbé láti bi mí bóyá mò ń jẹ ata ni." Ó fún mi ní ìró ìyàwó rẹ̀ olóògbé, mo fi tún un rán, ìyẹn ló fi bora. Nítorí náà, ìfẹ́ tí o fẹ́ fi han Káyọ̀dé, má fi ohun tó wu ìwọ nìkan gé e. Bí àwọn aládùúgbò bá fẹ́ ṣe àpèjẹ fún un, tí wọ́n fẹ́ máa pè é ní akọni, bi í kí o tó gbà. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó jẹ́ akọni lójú tirẹ̀ kò bọ̀.

Nípa ìbora tirẹ̀: mo fi ìrépé díẹ̀ sínú páálí tí mo fi ránṣẹ́, àti abẹ́rẹ́ olójú ńlá. Ìwọ ni kí o rán an. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ máa ń bí ọ nínú. Jẹ́ kó wọ́. Ẹni tó ń sun oorun kì í wo ojú rírán. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, aṣọ ìjọba ni. Bí ọjọ́ bá pé tí òun fúnra rẹ̀ bá kó sísọ́ọ̀sì lé ọ lọ́wọ́, ìgbà náà ni.

Tún gbọ́ èyí. Nígbà tiwa, kò sí dókítà tó ń wo irú àrùn báyìí nítòsí wa. Lónìí ó wà, o ní ó wà nínú bárékè yín gan-an. Bá a lọ. Bí ó bá kọ̀, ìwọ kọ́kọ́ lọ, kí o lọ béèrè bí a ṣe ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Iṣu sísun ni ìyá mi ní, òun ló lò. Ìwọ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Máa jẹun, ọmọ mi. Má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Ní ọ̀rẹ́ kan tí o lè bá rẹ́rìn-ín.

Èyí tó kù le láti kọ. Ìbéèrè tí ìyá àgbà bi ìyá mi, èmi náà ń bi ọ́. Ṣé ó ń lù ọ́? O ní rárá, mo sì gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ó bá di ọjọ́ tó gbé ọwọ́ sókè sí ọ, má dúró wá ìdí rẹ̀, má ro ti ohun tí ayé yóò sọ. Wọkọ̀. Àánú ẹni tó ti ogun dé kò ní kí o di ẹni tí ogun pa.

Kò sí ẹnì kankan nílé yìí tí yóò bi ọ́ pé kí ló dé. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ wá, ẹ wọlé. Bí ìwọ nìkan lo wá, wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ Káyọ̀dé nìkan ni mo rí tó ń gun òkè bọ̀, mi ò ní bi í níbi tí o wà títí yóò fi jẹun tán.

Èmi ni ìyá rẹ,
àti ìyá ọkọ rẹ pẹ̀lú.